Ẹ Bẹ̀rẹ̀ Láti Ojú Irin: Bí Ẹ Ṣe Lè Yọ̀ǹda Ara Yín fún Rélùwéè Tóóró Ayé Àtijọ́

Ọkọ̀ ojú irin ni Yorùbá ń pè é, orúkọ náà sì ti sọ òótọ́ kan tí ọ̀pọ̀ àwọn tó fẹ́ràn nǹkan yìí kì í fẹ́ gbọ́: bí kò bá sí ojú irin, kò sí ọkọ̀. Ẹ lọ sí ibùdókọ̀ rélùwéè àtijọ́ lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ó rí bí ogún ènìyàn tó na fóònù sí ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n ń ya fọ́tò bó ṣe ń tú èéfín. Ẹ wá rìn síwájú díẹ̀ lẹ́bàá irin, ẹ ó bá ènìyàn mẹ́rin nínú ẹrẹ̀, wọ́n ń fi ṣọ́bìrì kó òkúta tí wọ́n ń kì sábẹ́ irin. Àwọn mẹ́rin yẹn ló ń jẹ́ kí àwọn ogún rí nǹkan yà. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó fẹ́ kúrò láàárín àwọn ogún kó lọ bá àwọn mẹ́rin.

Wales ní Bìrìtéènì ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ jù, nítorí ibẹ̀ ni ará ìlú ti kọ́kọ́ gba rélùwéè tó fẹ́ kú, tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe é láìgba owó oṣù. Ẹni tó bá wà ní Australia tàbí India kò ní rí ìyàtọ̀ púpọ̀. Òkúta kì í fúyẹ́ níbì kankan.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ tọ́jú

Àlàfo tó wà láàárín irin méjèèjì ni wọ́n fi ń pín rélùwéè sí oríṣi. Èyí tó wọ́pọ̀ jù láyé jẹ́ mìlímítà 1,435. Bí àlàfo náà bá kéré sí èyí, ojú irin tóóró nìyẹn. Nínú àwọn rélùwéè Wales, ti Welshpool and Llanfair jẹ́ mìlímítà 762, ti Talyllyn jẹ́ 686, ti Ffestiniog jẹ́ 597. Lórí ti Ffestiniog, ọmọdé lè fi ẹsẹ̀ kan tẹ irin ọ̀tún kó fi èkejì tẹ ti òsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dán an wò. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Òkè ló bí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Níbi tí àpáta bá ti dí ọ̀nà, irin tóóró lè ṣẹ́ kọ́nà kíkan tí irin ńlá kò lè ṣẹ́. Ihò tí wọ́n máa gbẹ́ gba inú òkè kọjá á kéré, afárá á kéré, owó náà á kéré. Ní àríwá Wales, òkúta síléètì tí wọ́n fi ń bo òrùlé ni ẹrù wọn. Ọdún 1836 ni Ffestiniog ṣí láti máa kó síléètì láti Blaenau Ffestiniog sọ̀ kalẹ̀ wá sí èbúté Porthmadog, kò sì ní ẹ́ńjìnnì kankan nígbà yẹn. Wọ́n tẹ́ ojú irin náà kó máa dà gẹ̀ẹ́rẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, nítorí náà ẹrù fúnra rẹ̀ ló ń yí lọ, àwọn ọkùnrin tó ń di bíréèkì mú sì wà lórí rẹ̀. Ẹṣin ńkọ́? Ẹṣin wọ kẹ̀kẹ́ tirẹ̀, ó ń jẹ koríko, ó ń wòran lọ sísàlẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá tú ẹrù tán ni iṣẹ́ tirẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kó fa òfìfo padà sókè. Ẹ́ńjìnnì olóoru kò dé ibẹ̀ títí di 1863.

Mo sọ ìtàn yìí nítorí pé ó yẹ kí ẹ gbọ́ irú rẹ̀ nípa rélùwéè tí ẹ bá yàn kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ pé wọ́n dìídì tẹ́ ojú irin kan gẹ̀ẹ́rẹ́ lè rò pé ó wọ́, kó fẹ́ bá wọn tún un ṣe. Ní 2021, UNESCO kọ ilẹ̀ síléètì àríwá ìwọ̀-oòrùn Wales sínú ìwé àjogúnbá gbogbo ayé, Ffestiniog àti Talyllyn sì wà nínú rẹ̀. Rélùwéè Darjeeling ní India, tí àlàfo irin rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjì péré, ti wà nínú ìwé kan náà láti 1999.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó gba fọ́ọ̀mù

Ẹ lọ gẹ́gẹ́ bí èrò ọkọ̀ ná. Ẹ jókòó sí kẹ̀kẹ́ tó gbẹ̀yìn, kí ẹ sì fi etí sílẹ̀. Níbi tí ojú irin bá ti dára, ìró ibi tí irin ti so pọ̀ máa ń lọ ní ìwọ̀n kan náà, kọ̀-kọ̀, kọ̀-kọ̀, bí ẹni ń lu agogo. Níbi tó bá ti dún gbì, tí kẹ̀kẹ́ sì fẹ̀gbẹ́ díẹ̀, iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ẹ tún wo bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ṣé ọ̀dọ́ wà láàárín wọn? Ṣé àgbà kan ń fi nǹkan han ọmọ kan, àbí ó ń jágbe mọ́ ọn? Ibi tí wọ́n bá ti ń jágbe mọ́ àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn, ẹ sá fún un, bó ti wù kí ẹ́ńjìnnì wọn rẹwà tó.

Ìmọ̀ràn mi nípa èyí tí ẹ máa yàn kò gùn: ẹ mú èyí tó súnmọ́ ilé yín, ẹ fi olókìkí sílẹ̀. Rélùwéè tí ẹ lè dé lẹ́ẹ̀mejì lóṣù á jèrè yín ju èyí tí ẹ máa dé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún lọ. Àwọn kéékèèké náà máa ń tètè gbé iṣẹ́ gidi lé èèyàn lọ́wọ́. Leighton Buzzard ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n fi ń kó yanrìn tẹ́lẹ̀, kò gùn bíi ti Ffestiniog tó jẹ́ máìlì mẹ́tàlá àti ààbọ̀, ṣùgbọ́n sílípà (igi tí wọ́n dábùú sábẹ́ irin) tó jẹrà kò mọ olókìkí yàtọ̀. Ní Devon, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà, wọ́n ti rélùwéè Lynton and Barnstaple pa ní 1935, wọ́n hú irin rẹ̀ kúrò, àwọn olùyọ̀ǹda sì dá ọkọ̀ padà sórí apá kékeré kan nínú rẹ̀ ní Woody Bay ní 2004. Bí ẹ bá fẹ́ràn kí nǹkan bẹ̀rẹ̀ láti inú igbó, irú ibẹ̀ ló yẹ yín.

Kí ẹ tó kúrò lọ́jọ́ náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ gáàdì, ìyẹn ẹni tó ń bójú tó èrò inú ọkọ̀, ta ló ń bójú tó àwọn olùyọ̀ǹda. Gáàdì mọ gbogbo ènìyàn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ kọ lẹ́tà tó ní ọjọ́ nínú

Ohun tó ń sú àwọn tó ń gba lẹ́tà olùyọ̀ǹda ni ìtara tí kò ní ọjọ́. "Mo fẹ́ràn rélùwéè láti kékeré, ẹ jẹ́ kí n mọ bí mo ṣe lè ran yín lọ́wọ́." Wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ máa fi kọ ọ́, àmọ́ ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ kò ju báyìí lọ:

"Mo ń gbé ní ibi báyìí, ó sì máa ń gbà mí ní wákàtí kan àtààbọ̀ láti dé ọ̀dọ̀ yín. Ọwọ́ mi máa ń dilẹ̀ ní Sátidé kejì àti ìkẹrin nínú oṣù. Mi ò ṣe iṣẹ́ ojú irin rí, ṣùgbọ́n mo lè gbé ẹrù, mo sì mọ iṣẹ́ káfíńtà díẹ̀. Inú mi máa dùn láti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó ń tún ojú irin ṣe. Ṣé mo lè wá lọ́jọ́ kejìlá?"

Gbólóhùn kẹrin yẹn ló ń ṣí ilẹ̀kùn. Àwọn tó fẹ́ wa ẹ́ńjìnnì pọ̀ bí eéṣú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè fún ṣọ́bìrì, wọ́n á pè é padà kíákíá.

Wọ́n á ní kí ẹ di ọmọ ẹgbẹ́, kí ẹ san owó ọdún. Ẹ má ṣe bínú sí i pé ẹ ń sanwó láti ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́. Níbi púpọ̀, jíjẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ló ń mú kí ìbánigbófò wọn bo olùyọ̀ǹda, ó sì ń fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò. Rélùwéè kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ orí tí ọmọdé lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àti irú iṣẹ́ tó lè ṣe, nítorí náà ẹ béèrè bí ẹ bá fẹ́ mú ọmọ yín dání.

Ọ̀rọ̀ físà rèé fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ Bìrìtéènì. Ẹni tó wá gẹ́gẹ́ bí àlejò lè yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún ẹgbẹ́ aláàánú tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ pọ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ òun gan-an ló torí rẹ̀ wá. Fún akẹ́kọ̀ọ́, òfin ya ìyọ̀ǹda ara ẹni sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ tí wọn ò sanwó fún. Èyí èkejì máa ń wọ inú iye wákàtí tí físà gbà láàyè. Ẹ bi ọ́fíìsì ilé ẹ̀kọ́ yín kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn

Bẹ́ẹ̀ ni, rírìn. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ààbò ojú irin ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi yín sí, wọ́n sì lè ní kí dókítà yẹ ojú àti etí yín wò bí iṣẹ́ yín bá máa kan ọkọ̀ tó ń rìn. Ẹ má ṣe fojú kéré rẹ̀ nítorí pé ọkọ̀ náà kékeré, tó sì rọra ń rìn. Ẹ́ńjìnnì tó wúwo ní tọ́ọ̀nù lọ́nà ogún kò lè dúró lójijì nítorí ẹnikẹ́ni.

Ẹ má ṣe fi ẹsẹ̀ tẹ orí irin láé. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kọjá rẹ̀. Òjò àti epo ti jẹ́ kí orí rẹ̀ máa yọ̀ bí ilá, ẹni tó bá sì yọ̀ lórí irin, orí irin kejì ni orí rẹ̀ máa bà lé. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé kí ẹ má dán ti Ffestiniog wò. Níbi tí irin ti pín sí ọ̀nà méjì, ẹ má ṣe ti bàtà bọ àlàfo tó wà láàárín irin tó ń ṣí tó ń pa dé, nítorí ẹni tó ń fa ọ̀pá rẹ̀ lè wà níbi tí ojú rẹ̀ ò ti tó yín. Bí ẹ bá fẹ́ gba ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ tó dúró kọjá, ẹ jìnnà sí i dáadáa. Kẹ̀kẹ́ tó dúró lè gbéra nígbà tí wọ́n bá so òmíràn mọ́ ọn lódìkejì.

Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀, ẹni tí wọ́n yàn láti máa ṣọ́nà á fọn fèrè. Ẹ dá iṣẹ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹ kó irinṣẹ́ kúrò lórí irin, ẹ lọ dúró níbi tí wọ́n ti fi hàn yín, ẹ kọjú sí ọkọ̀ náà, kí ẹ sì gbé ọwọ́ kan sókè kí awakọ̀ lè mọ̀ pé ẹ ti rí òun. Ọwọ́ tí ẹ gbé sókè yẹn kì í ṣe ìkíni lásán.

Ọtí ńkọ́? Òfin Bìrìtéènì ti 1992 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kan ààbò rélùwéè ti mutí yó lẹ́nu iṣẹ́. Bíà ìrọ̀lẹ́ dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ dúró de ìrọ̀lẹ́.

Ohun tí ẹ máa mú dání kò pọ̀: bàtà tí irin wà ní iwájú rẹ̀, tó sì bo ọrùn ẹsẹ̀, ìbọ̀wọ́ tó nípọn, aṣọ òjò, oúnjẹ ọ̀sán àti omi. Ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tó ń tàn, wọ́n á fún yín.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ yí sílípà kan padà

Sir Henry Haydn Jones, tó ni Talyllyn, ti ṣèlérí pé níwọ̀n ìgbà tí òun bá wà láàyè, ọkọ̀ á máa rìn. Ó kú ní July 1950. Ní October ọdún yẹn, àwọn ènìyàn kan pàdé ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Birmingham, Tom Rolt ló ṣíwájú wọn. Ní 14 May 1951, ọkọ̀ wọn àkọ́kọ́ gbéra láti Tywyn. Kò tíì sí ibì kankan láyé ṣáájú ìgbà yẹn tí àwọn olùyọ̀ǹda ti gba rélùwéè, tí wọ́n sì mú un ṣiṣẹ́. Ẹ wo ohun tí wọ́n bá nílẹ̀: ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo tó ṣì lè rìn, Dolgoch, tó ti ń ṣiṣẹ́ láti nǹkan bí ọdún 1866, àti sílípà tó ti jẹrà débi pé koríko ni ó kù tó ń di irin mú sáyè rẹ̀. Ìtàn Dolgoch ni gbogbo ayé ń sọ. Èmi, koríko yẹn ló ń yà mí lẹ́nu.

Sílípà ni igi tí wọ́n dábùú sábẹ́ irin méjèèjì. Òun ló ń mú kí àlàfo wọn má yí padà. Omi àti ọjọ́ orí ló ń pa á. Bí wọ́n ṣe ń yí i padà rèé, bí ẹ bá bá àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣe é.

Ọ̀gá iṣẹ́ á ti fi ẹfun sàmì sí èyí tó máa yọ. Kò ní sàmì sí méjì tó tẹ̀ lé ara wọn, nítorí irin gbọ́dọ̀ ní ohun tó dì í mú lápá ọ̀tún àti òsì ibi tí ẹ ń gbẹ́. Bí oòrùn bá mú gan-an lọ́jọ́ náà, ó lè ní kí ẹ fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ pátápátá: irin tó gbóná máa ń gùn sí i, bí ẹ bá sì ti kó òkúta kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó lè tẹ̀ kó yọ síta bí ejò.

Ẹ fi ṣọ́bìrì kó òkúta wẹ́wẹ́ kúrò ní ẹ̀gbẹ́ sílípà náà àti lójú ibi tó máa gbà jáde. Ẹ gbẹ́ ẹ jìn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ tú ìṣó tàbí bóòtù tó so irin mọ́ ọn. Wọ́n á fi jáàkì gbé irin sókè díẹ̀, díẹ̀ báyìí, nítorí bó bá ga jù, òkúta á já bọ́ sábẹ́ àwọn sílípà tó kù, iṣẹ́ á sì di ìlọ́po. Ẹ fi ìwọ̀ fa igi àtijọ́ jáde. Nígbà míì á jáde odindi, nígbà míì á fọ́ sí yín lọ́wọ́ bí búrẹ́dì tó ti gbẹ. Ẹ tẹ́ ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀, ẹ ti igi tuntun wọlé, ẹ sọ irin kalẹ̀. Ẹ fi ọ̀pá ìwọ̀n wo àlàfo kí ẹ tó kan ìṣó kankan, kí ẹ sì tún wò ó lẹ́yìn tí ẹ bá kàn án tán.

Ibi tí ọgbọ́n wà ló kù: kíki òkúta sábẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi ní sílípà tèmi nìkan, mo ki òkúta sábẹ́ rẹ̀ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Mo tiẹ̀ ki àárín rẹ̀ dáadáa ju ibòmíràn lọ, mo sì dìde dúró bí ẹni tó kọ́lé. Ọ̀gá wa, bàbá kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, gbé ọ̀pá irin rẹ̀, ó jẹ́ kí ìdí rẹ̀ já lu igi náà láàárín. Ó dún kò, bí ìgbà tí èèyàn kan ògiri. Ó sún sábẹ́ irin ọ̀tún, ó tún jẹ́ kó já: gbùn, bí àpótí òfìfo.

"Ṣé o gbọ́ ọ?"

Mo ní mo gbọ́ ọ.

"Níbo ni ọkọ̀ ń gbà kọjá?"

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Abẹ́ irin méjèèjì ni ẹrù ń bà lé, abẹ́ irin méjèèjì ló yẹ kó le. Sílípà tó fìdí lé àárín nìkan á máa ṣe jangírọ́fà ní gbogbo ìgbà tí kẹ̀kẹ́ bá gorí rẹ̀, títí á fi ṣẹ́ sí méjì. Mo hú gbogbo rẹ̀ jáde, mo tún un kì. Láti ọjọ́ náà, mi ò lè wọ rélùwéè kankan láìmáa gbọ́ gbùn lábẹ́ ìdí mi.

Kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó kọjá lórí iṣẹ́ yín, ẹ dúró wò ó. Bí sílípà náà bá lọ sílẹ̀ tó sì tún dìde, ẹ padà sídìí rẹ̀.

Gọ́tà àti koríko náà wà níbẹ̀. Omi tó dúró lẹ́bàá irin ló ń sọ òkúta di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ ló ń jẹ sílípà. Ọjọ́ tí wọ́n bá rán yín lọ kó ewé kúrò nínú gọ́tà, ẹ má ṣe rò pé wọ́n ń fìyà jẹ yín.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ wá lọ sídìí ẹ́ńjìnnì

Ó dáa, mo mọ̀ pé òun lẹ tìtorí rẹ̀ ka ìwé yìí. Àkísà ni ẹ fi máa bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà rẹ̀ gùn: ẹni tó ń nu ẹ́ńjìnnì, lẹ́yìn náà adáná, lẹ́yìn náà awakọ̀, ìdánwò sì wà ní ojú ìpele kọ̀ọ̀kan. Fún ẹni tó ń wá ní òpin ọ̀sẹ̀ nìkan, ọ̀pọ̀ ọdún ni. Mo mọ àwọn tó dúró sí ipò adáná tí wọn ò fẹ́ kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ẹni tó ń nu ẹ́ńjìnnì ti máa ń wà ní ṣẹ́ẹ̀dì nígbà tí ilẹ̀ ṣì dúdú, nítorí ẹ́ńjìnnì tútù ń gba wákàtí bíi mélòó kan kí omi rẹ̀ tó hó tó láti fa nǹkan. Ohun àkọ́kọ́ kì í ṣe iná. Omi ni. Ẹ̀gbẹ́ bọ́ìlà, ìyẹn ìkòkò irin ńlá tí omi ti ń hó, ní ọ̀pá gíláàsì tó ń fi ibi tí omi dé hàn, wọ́n sì máa ń ṣí kọ́ọ̀kì rẹ̀ láti mọ̀ pé gíláàsì náà kò parọ́. Orí àpótí iná gbọ́dọ̀ wà nínú omi nígbà gbogbo. Bí omi bá fà sísàlẹ̀ tí irin orí àpótí iná sì wà láìní omi lórí, á gbóná pọ́n, á rọ̀, bọ́ìlà sì lè bú gbàmù. Wọ́n máa ń fi òjé dí ihò kan níbẹ̀. Bí ooru bá ti pọ̀ jù, òjé náà á yọ́, ooru omi á sì tú sínú iná kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé ẹnì kan ti sùn lọ.

Lẹ́yìn omi, wọ́n á kó eérú àná, wọ́n á ti búrọ́ọ̀ṣì gba inú àwọn páìpù tí èéfín ń gbà, wọ́n á wá fi igi àti àkísà tí epo ti kún mú iná. Iná pẹ̀lẹ́ ni. Bọ́ìlà tí wọ́n bá kánjú kó gbóná, apá kan rẹ̀ á gùn ju apá kejì lọ, ibi tó so pọ̀ á sì máa jò.

Bí iná ṣe ń jó lọ, ẹ ń nù. Ọwọ́ tó mú àkísà ló ń kọ́kọ́ bá nọ́ọ̀tì tó ti tú pàdé àti irin tó ti sán, nítorí náà ẹ má ṣe nù ún bí ẹni tó ń nu dígí. Ẹ jẹ́ kí ìka yín wọ kọ̀rọ̀. Bí ẹ bá rí ohun tí kò yé yín, ẹ pe adáná, ì báà tiẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹwàá láàárọ̀ kan.

Ìgbésẹ̀ keje: Bí ẹ̀yìn yín kò bá gba ṣọ́bìrì

Iṣẹ́ kù rẹpẹtẹ: títa tíkẹ́ẹ̀tì, pípo tíì, rírán àga kẹ̀kẹ́, títo àwọn ìwé àti fọ́tò àtijọ́ sí kọ̀ǹpútà. Ti ìkẹyìn yìí, ẹni tó wà lókè òkun pàápàá lè bá wọn ṣe é, torí pé ìwé owó oṣù ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn kò lè ka ara rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ wà nídìí ọkọ̀ láìko èédú, ẹ kọ́ṣẹ́ gáàdì tàbí ti àmì ojú ọ̀nà. Ojú irin kan ṣoṣo ni púpọ̀ nínú àwọn rélùwéè yìí ní, ọkọ̀ tó ń lọ àtèyí tó ń bọ̀ ń lo ọ̀nà kan náà. Nítorí náà apá kọ̀ọ̀kan ọ̀nà ní ọ̀pá tàbí àmì kan tí awakọ̀ gbọ́dọ̀ dì mú kó tó wọ ibẹ̀. Níbi tí ọkọ̀ méjì bá ti pàdé, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ awakọ̀ kan fún èkejì. Ẹni tí kò bá ní i lọ́wọ́, kó dúró, kódà bó bá rí i pé ọ̀nà dá gbáú. Inú mi máa ń dùn láti wo bí wọ́n ṣe ń fi í lé ara wọn lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ dúró pẹ́

Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé iṣẹ́ mànàmáná ní Tanygrisiau, omi ìdídò tuntun bo apá kan ojú irin Ffestiniog. Ọkọ̀ ti ń rìn látìgbà tí wọ́n tún un ṣí ní 1955, ṣùgbọ́n ọ̀nà Blaenau ti já. Àwọn olùyọ̀ǹda pinnu láti gbẹ́ ọ̀nà tuntun gba ẹ̀gbẹ́ òkè. Ní Dduallt, wọ́n ní láti yí ojú irin po kó gba orí ara rẹ̀ kọjá, kó lè ga tó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1965. Ọdún 1982 ni ọkọ̀ tó dé Blaenau. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ìgbà ọ̀dọ́ wọn ni wọ́n fi gbẹ́ àpáta níbẹ̀.

Ọdún mẹ́tàdínlógún kì í kọjá láìsí ìjà. Ẹ ó bá ìjà pàdé. Àwọ̀ wo ni ká kun kẹ̀kẹ́? Ọdún wo ni ká dá ibùdókọ̀ padà sí? Ṣé ká ra ẹ́ńjìnnì òmíràn àbí ká ra òkúta? Èrò tèmi ni òkúta, ẹ sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́, ẹ gbọ́, ẹ má dá sí i. Ẹni tó bá ti yí ogún sílípà padà ni wọ́n máa ń fetí sí nípàdé.

Ẹ má sì gba ju agbára yín lọ. Àwọn tó ń wá lójoojúmọ́ ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ kì í sábà sí níbẹ̀ nínú ọdún kejì. Sátidé méjì lóṣù tó.

Nígbà tí iṣẹ́ ọjọ́ náà bá parí, ẹ ka irinṣẹ́ kí ẹ tó kúrò lójú irin, nítorí ọ̀pá tí ẹ gbàgbé ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ máa bá pàdé lọ́jọ́ kejì. Ẹ sọ fún ọ̀gá iṣẹ́ pé ẹ ti jáde. Ẹ fọ ọwọ́ yín kí ẹ tó jẹun, torí ohun tí wọ́n fi ń kun sílípà àtijọ́ kì í ṣe ohun jíjẹ. Ìwé kan máa ń wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn yàrá tíì tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó ń bọ̀ sí. Ẹ wá ọjọ́ tó kàn nínú rẹ̀, kí ẹ sì kọ tiyín sí i kí ẹ tó bọ́ bàtà.